Ìrì Abẹ́ Ìdérí Ọbẹ̀

Ní téṣàn Tsukide, obìnrin kan wà tó máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ẹni tí kò sí nílé.

Kiyono Horigome ni. Òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ rélùwéè gan-an. Àwọn rélùwéè ti kó àwọn tiwọn kúrò ní àwọn téṣàn kéékèèké tó yí ìlú Toribe ká, wọ́n sì fi fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ẹni àdúgbò tó bá lè jókòó tì í. Ní Tsukide, Kiyono ló jókòó tì í. Pátákó ojú fèrèsé náà ti dán nítorí ìgbọ̀nwọ́ àwọn èèyàn. Sítóòfù onírin kan wà láàárín ibi ìdúró. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn fèrèsé, tí èèyàn méjì bá jókòó síbẹ̀, ẹni kẹta á dúró.

Ṣọ́ọ̀bù gbàjámọ̀ mi dojú kọ téṣàn náà. A máa ń gbọ́ ohùn ara wa.

"Ọkọ̀ Toribe ń bọ̀ o!" Kiyono á ké láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹni tó wà lórí àga onígbàjámọ̀, ẹ tètè dìde! Ẹ gbé ìdajì irùngbọ̀n yòókù lọ sí ọ́fíìsì!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Obìnrin kúkúrú, ohùn ńlá. Ọwọ́ tí òtútù ti là. Ìyàwó tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin yìí kan náà gbé wá sí Tsukide, tí kò sì rìn jìnnà sí ojú irin náà mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ilẹ̀ wa kì í fún ọkùnrin níṣẹ́ nígbà òtútù. Bí a bá ti kórè ìrẹsì tán, tí orí òkè bá ti funfun, àwọn ọkùnrin á di ẹrù. Tokyo. Ihò abẹ́ ilẹ̀, afárá, ilé gogoro. Wọ́n á lọ gbẹ́lẹ̀, wọ́n á lọ po sìmẹ́ńtì, wọ́n á sì padà wálé nígbà tí yìnyín bá yọ́ kúrò lójú oko. Bàbá mi lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi náà lọ. Nígbà náà, kò sí ilé kan ní Tsukide tí àyè kan kì í ṣófo nídìí oúnjẹ láti ìgbà ìwọ́wé títí di ìgbà ìrúwé.

Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí àyè náà ṣófo tán. Ìyàwó ilé á bu ìrẹsì sínú abọ́ ọkọ rẹ̀. Á bu ọbẹ̀ miso gbígbóná, tí a fi ẹ̀wà sóyà sè, sínú àwo onídérí. Á fi ọ̀pá ìjẹun méjèèjì lélẹ̀ gbọọrọ níwájú wọn. Gbọọrọ ni o. Òkú là ń gún ọ̀pá ìjẹun mọ́ inú ìrẹsì fún. Ti alààyè, lílélẹ̀ ni. Kí ebi má bàa pa ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ni a ṣe ń ṣe é. Bí ará ilé bá jẹun tán, wọ́n á ṣí ìdérí ọbẹ̀ náà wò. Bí ìrì bá sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ara ẹni náà le. Bí ó bá sì gbẹ.

Ìyá mi kì í sọ èyí tó kù. Ìyá ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́.

Tomeji lorúkọ ọkọ Kiyono. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mo gẹ irun rẹ̀ kó tó lọ lọ́dún tí mò ń wí yìí. Mo bi í bóyá kí n gé e mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ṣe fẹ́." Mo bi í bóyá ẹrù rẹ̀ ti pé. Ó ní ó ti pé. Ó tẹ̀ síwájú dígí, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn, ó dúpẹ́, ó jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí gbẹ̀yìn, bó ṣe ń gba ojú ọ̀nà kọjá sí téṣàn, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti dúró de òun àti àwọn yòókù láti lu tíkẹ́ẹ̀tì wọn.

Wọn ò bímọ. Ẹ̀gbọ́n kan ni Tomeji ní, obìnrin, Wakae. Ìyá wọn kú nígbà tí Tomeji ṣì wà lẹ́nu ọmú. Wakae ló pọ̀n ọ́n lọ sóko. Wakae ló jẹ ìrẹsì lẹ́nu kó tó fi sí i lẹ́nu. Ẹni tó wá fẹ́ Wakae bi í bóyá ọmọ náà yóò bá a wá sílé ọkọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin náà ò sì padà wá mọ́. Kò lọ́kọ títí. Ó kọ́ ọmọ náà ní ohun gbogbo àyàfi ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí òun náà ò ní in lọ́pọ̀.

Ìgbà ìrúwé dé. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọkùnrin bọ̀ dé.

Gbogbo àwa ìyàwó dúró síta téṣàn. Kiyono nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin kan, tíkẹ́ẹ̀tì kan, "Ẹ káàbọ̀." Ọkùnrin kan, tíkẹ́ẹ̀tì kan, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn." Ó kí gbogbo ọkọ àwa ẹlòmíràn káàbọ̀. Ọkọ̀ náà fọn fèrè, ó lọ. Pèpéle ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú.

Àwọn tó bá Tomeji ṣiṣẹ́ ní ó ti kúrò tipẹ́. Ó ní òun ń lọ wẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ gbogbogbò, ó mú aṣọ ìnura rẹ̀, kò padà. Wọ́n rò pé ilé ló wá. Àwọn ọlọ́pàá wádìí, wọn ò rí nǹkan kan. Kò sí òkú. Kò sí ìròyìn. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń yọ́ mọ́ ìlú ńlá bí èéfín. Àwọn kan ti kú. Àwọn kan ní ilé míràn, ìyàwó míràn. Àwọn kan kàn jókòó sábẹ́ afárá kan, ojú ń tì wọ́n láti wálé.

Àwa yòókù kó abọ́ àwọn ọkọ wa kúrò lórí tábìlì àwọn tí kò sí nílé. Kiyono ò kó ti Tomeji.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sí Toribe, àwọn ọkùnrin ò lọ sí Tokyo mọ́. Àṣà náà kú ní ilé gbogbo. Àwọn ìyàwó tuntun ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó wá ku ẹyọ kan ní gbogbo àdúgbò, nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni Kiyono ti ń jẹun ọ̀sán. Ìrẹsì, ẹja sámọ́ńì oníyọ̀, ọbẹ̀ tí a dé. Ó gbé wọn ka orí àpótí kan tó dojú kọ ojú irin.

Àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama á yọjú sí fèrèsé, wọ́n á kí àyè òfo náà.

"Bàbá, ẹ kúu jíjẹun o!"

"Mama Kiyono, Bàbá ò fọwọ́ kan ẹja wọn lónìí. Ṣé ẹ tún ti bá wọn jà ni?"

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì yín kí ọkọ̀ má fi yín sílẹ̀. Ẹni tí kò ka ìwé rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu bàbá oníbàbá."

Bàbá Nukaga, arúgbó tó ń gbé èso kákì lọ tà ní Toribe, máa ń jókòó ti sítóòfù, á na ọrùn.

"Ìyàwó Horigome, ẹja yẹn ti ń tutù o. Ẹ jẹ́ kí n bá ọkọ yín gbé e mì kó má bàjẹ́. Àánú ẹja ló ń ṣe mí."

"Bàbá, ìyàwó yín ló ń bọ̀ yẹn."

"Níbo?"

"Ẹ wo ojú yín! Ẹ lọ jẹ ti ilé yín, ẹ fi ti onílé sílẹ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ á dé, wọ́n á lọ. Nígbà náà ni Kiyono á ṣí ìdérí náà, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ìrì. Lójoojúmọ́, ìrì. Á fọwọ́ nù ún, á wá jẹ oúnjẹ tútù náà fúnra rẹ̀.

Ọbẹ̀ gbígbóná nínú àwo tí a dé, kí ni kò ní mú ìrì wá? Gbogbo wa mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Bí mo ṣe rò ó, òun náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù kó tó bù ú.

Wakae nìkan ni kò lè fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé ó kórìíra ìyàwó àbúrò rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń wá sí téṣàn. Ó máa ń bá a bó iṣu, ó máa ń bá a gbá pèpéle. Ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín wọn, mo sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tí mo lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

"Kiyono, bí ó bá ti kú ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu tíì yín."

"Mo ní bí ó bá ti kú ńkọ́? Ẹni tó kú tí wọn ò gbàdúrà fún, tí wọn ò sun tùràrí fún, oúnjẹ alààyè ò ṣeé jẹ fún un. O gbé ẹja ka iwájú rẹ̀, kò lè mú un. Ó dúró síta níbì kan, ó ń wo ẹnu. Mo máa ń lá a. Ó ń wo ẹnu, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré."

"Bí ó bá wà láàyè ńkọ́? Ẹ fẹ́ sin alààyè? Àdúrà òkú tí a bá kà sórí ẹni tó wà lọ́nà, ẹnu ọ̀nà là ń tì mọ́ ọn."

"Mo kàn fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta pẹ̀lú ti bàbá àti ìyá wa. Ojú mi ti ń ṣú. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò ní rí i."

Ètè Wakae ń gbọ̀n. Kiyono gbé ìka sókè, bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọmọdé.

"Ẹ má sunkún níbí o. A kì í sunkún lé ẹni tó lọ sí ìrìn àjò lórí."

Wakae gbé e mì. Mo rí i bó ṣe gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe láti ìgbà ìrúwé tí mo sọ yẹn. Nínú ilé wọn, kò sí aṣọ dúdú, kò sí tùràrí, kò sí ẹkún. Ẹni tó tọ́ ọmọ dàgbà, tí kò rí ọmọ náà mọ́, tí kò sì láṣẹ láti sunkún.

Ìgbà òtútù kan wá tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Yìnyín ga dé ìsàlẹ̀ òrùlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Kiyono bu oúnjẹ kalẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó dé ọbẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì, ó jáde lọ kó yìnyín kúrò lórí pèpéle nítorí ọkọ̀ ti fẹ́ dé. Wakae jókòó sínú yàrá. Ọkọ̀ dé, àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ lọ. Mò ń fi aṣọ nu dígí mi nígbà tí mo rí Kiyono tó ń gba àárín yìnyín kọjá bọ̀. Kò borí. Kò wọ ibọ̀wọ́. Ìdérí àwo ni ó mú lọ́wọ́.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi abẹ́ rẹ̀ hàn mí.

"Ó gbẹ," ó wí.

 Mo ní, "Òtútù ti pọ̀ lónìí. Bóyá ọbẹ̀ ti tutù."

"Bóyá."

Ó bojú wẹ̀yìn wo téṣàn. Ó pẹ́ níbi tó ń wò.

"Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí àlùfáà ní Shimokura," ó ní. "Kó wá sọ ọjọ́ tí a óò ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti Ẹ̀gbọ́n. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n."

Kò sunkún. Ó gbé ìdérí náà padà sọ́dọ̀ àwo rẹ̀.

A sin Tomeji Horigome láìsí òkú. Nígbà tí kò bá sí eegun òkú tí a ti sun tí a lè kó sínú ìkòkò ìsìnkú, a máa ń wá nǹkan kan. Bàtà. Abẹ ìfárùngbọ̀n. Ní ti Tomeji, Wakae ló mú nǹkan wá. Àpótí igi kékeré kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ìwọ́ Tomeji ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ìyá wọn gé, tó gbẹ, tó fi òwú wé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyá ló máa ń tọ́jú ìwọ́ ọmọ. Ìyá wọn fi sílẹ̀ fún Wakae pẹ̀lú ọmọ náà. Ọmọ ti lọ. Ìwọ́ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìsìnkú kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Wakae wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn obìnrin wa kì í lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú láìfá ojú àti ẹ̀yìn ọrùn. Mo jẹ́ kó jókòó, mo da aṣọ funfun bò ó, mo fi ọṣẹ sí i lọ́rùn. Mo ti ń fá a lọ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo nù ún."

"Kí lẹ nù?"

"Ìdérí."

Abẹ mi dúró.

"Ó jáde lọ kó yìnyín," ni Wakae wí. "Mo wo àwo náà. Mo ní, kí n kàn ṣí i wò. Ìrì wà. Ó pọ̀, ó ń kán bọ́. Mo fi apá aṣọ mi nù ún, mo sì dé e padà nígbà tí ọbẹ̀ ti tutù tí kò ní lè mú ìrì míràn wá. Ọwọ́ mi ló ṣe é kí orí mi tó mọ̀."

"Mama Wakae."

"Mo pa á, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Apá aṣọ ni mo fi pa á."

"Ẹ má mi orí, ẹ jọ̀ọ́. Abẹ wà lọ́rùn yín."

Ó gbé orí rẹ̀ dúró. Mo fá èyí tó kù. Irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Nígbà tí mo fi aṣọ gbígbóná nù ún, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé kí n sọ fún un? Bí mo bá sọ, kò ní sí ìsìnkú, àbúrò mi á tún máa wo ẹnu. Bí mi ò bá sọ, mo ti jí ọkọ rẹ̀ gbé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dákun, èwo ni kí n ṣe?"

 Mo bá a wọ bàtà rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ lọ sí Shimokura, níbi tí ibojì àwọn Horigome wà. Àwa mẹ́ta péré. Kiyono ní kí ọmọ àbúrò òun bá òun jókòó sídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi lọ nítorí ojú Wakae, kí n lè máa dì í lápá. Kiyono wọ aṣọ dúdú tó yá lọ́wọ́ mi, nítorí kò ní tirẹ̀. Ìkòkò ìsìnkú wà lórí itan rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú.

Ọkùnrin kan tó ń ka ìwé ìròyìn rí aṣọ funfun náà, ó dìde, ó tẹ orí ba, ó lọ dúró ní ìdí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń pariwo dákẹ́. Àwọn kan nínú wọn wà lára àwọn tó máa ń kí Bàbá níbi oúnjẹ. Ọ̀kan fi ọwọ́ bo ẹnu.

Oko ń kọjá, gbogbo rẹ̀ funfun. Lẹ́yìn tí a kúrò ní Toribe, Wakae sọ ọ́. Kò yí i po.

"Kiyono. Ìdérí yẹn ò gbẹ. Èmi ni mo nù ún."

Mo wo ilẹ̀. Mò ń retí kí Kiyono dìde, kó gbé ìkòkò náà sọ̀ kalẹ̀ ní téṣàn tó kàn.

"Mo mọ̀," ni Kiyono wí.

Wakae yíjú sí mi. Mo mi orí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wọlé, mo rí apá aṣọ yín, ó tutù, ó ń rùn bí ọbẹ̀ miso. Ẹ jókòó ti sítóòfù, ara yín ń gbọ̀n bí ẹni pé ìta ni ẹ wà."

"O sì gbà? O mọ̀, o sì ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí àlùfáà?"

"Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ẹ ò pa irọ́ rí. Nígbà tí mo jó ìrẹsì àkọ́kọ́ tí mo sè, gbogbo èèyàn ní ó dùn, ẹ̀yin ní ó jóná. Mo wá ń wo apá aṣọ yẹn. Mo ní, kí ló lè mú kí ẹni yìí purọ́? Ẹ ti ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé ebi ń pa òkú. Mo wò yín, mo rí i pé ẹ̀yin gan-an lebi ń pa. Èmi ni mo sì jókòó ti oúnjẹ."

 Kiyono gbé ìkòkò náà kúrò lórí itan ara rẹ̀, ó gbé e lé Wakae lórí itan.

"Ẹ gbé e. Ẹ̀yin lẹ ti ń gbé e tẹ́lẹ̀ kí n tó dé."

Àwọn ará tẹ́ńpìlì ti wa yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ibojì. Àlùfáà ń dúró dè wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gba ipò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, etí rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù. Ó gbàdúrà. Èéfín tùràrí ò gòkè, ó rá mọ́ ilẹ̀ lórí yìnyín. Wọ́n ṣí òkúta, wọ́n gbé ìkòkò wọlé sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá àti ìyá.

Lẹ́yìn náà, àlùfáà gbé pátákó kékeré kan jáde, ó sì ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá kú ní ọ̀dọ̀ wa kì í jẹ́ orúkọ tó jẹ́ láyé mọ́. Àlùfáà ló ń fún un ní orúkọ tuntun tí yóò máa jẹ́ lọ́hùn-ún. Ó gùn, ó ní ìwúwo. Ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ Ẹni Tó Gba Àárín Yìnyín Lọ Síbi Ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tó kà á ni Wakae bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún arúgbó. Ó ké bí ọmọbìnrin tó gbé ọmọ sẹ́yìn, tí ilẹ̀ ṣú bá lóko. Ó wólẹ̀ sí orí yìnyín, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá òkúta mú. Àlùfáà fẹ́ gbé e dìde. Kiyono ní kó fi í sílẹ̀.

Ó dúró tì í títí. Ojú tirẹ̀ gbẹ. Nígbà tó yá, ó kọjú sí àlùfáà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹni tí ẹ dárúkọ yẹn?"

Àlùfáà rò pé kò gbọ́ dáadáa. "Ọkọ yín ni. Orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú ni."

"Bí kò bá tíì kú ńkọ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo pátákó ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Wakae. Ó rò ó dáadáa kó tó dáhùn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

"Nígbà náà, ìyá, orúkọ yìí á dúró dè é níbí. Kò sí ẹni míràn tí yóò jẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣeun," ni Kiyono wí. Ó tẹríba fún un gan-an.

A sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tẹ́ńpìlì, Wakae láàárín wa, mo dì í ní apá kan, Kiyono dì í ní apá kejì. Yìnyín ń dún lábẹ́ bàtà. Wakae ṣì ń sunkún, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ láàárín ẹkún.

"Dárí jì mí. Mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo ti gbà á."

"Ẹ ò gba nǹkan kan. Ẹ gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí wọ́n fi sínú òkúta yẹn, orúkọ rẹ̀ gùn. Tiyín ni. Ẹ máa sun tùràrí fún un, ẹ máa gbé ìrẹsì fún un, ẹ máa sunkún fún un bó ṣe wù yín. Màá máa bá yín ru omi wá fọ òkúta rẹ̀. Èmi, Tomeji ni mo fẹ́. Tomeji ò sí níbẹ̀. Màá máa dúró dè é."

Wakae dúró lójú ọ̀nà. Ó gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ sókè sí ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ẹni méjì láti inú ọmọ kan? Ṣé wọn ò ní bá ara wọn jà?"

"Ta ni? Tomeji?" Kiyono fi ìbòrùn nu imú rẹ̀ fún un. "Bí ẹ bá fi àwọn méjèèjì sínú yàrá kan, wọ́n á jókòó dọ́la, kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Wakae, ó yà á lẹ́nu, ẹkún sì tún gba ibẹ̀ jáde. A ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ ká wọ̀ fọn fèrè nísàlẹ̀, ó sì lọ láìsí wa. Wakae sunkún títí a fi dé ìsàlẹ̀ òkè, títí a fi dé téṣàn Shimokura, títí a fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn èèyàn ń wò wá. Kiyono ò ní kó dákẹ́.